Ohun Tí Mo Ní Jósẹ́fù Sọ

Ẹ dín ohùn ẹ̀rọ yẹn kù díẹ̀. Mi ò ní kí ẹ pa á. Kérésì ló dé, mo sì mọ̀ pé sinimá ni ẹ ó máa wò láti àárọ̀ títí ojú yín yóò fi pọ́n. Mo ti jókòó tì yín láti ìjẹta, ọ̀kan náà ni mo rí nínú gbogbo wọn: yìnyín ń bọ́, obìnrin kan tí iṣẹ́ kò jẹ́ kó rójú padà sí ìlú rẹ̀, ó pàdé ọkùnrin tó ń ta igi Kérésì, wọ́n jà, wọ́n rẹ́, agogo ṣọ́ọ̀ṣì dún, ó parí. Ìyẹn kò kàn mí. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni lẹ́tà wínńtín-wínńtín tó ń sáré kọjá nísàlẹ̀, èyí tí ẹ ń kà tí ẹ fi ń rẹ́rìn-ín. Ẹ ní, "Bàbá, ohun tí wọ́n ń sọ ni wọ́n kọ síbẹ̀." Ta ló sọ fún yín? Ṣé ẹ wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́ ni? Ẹni tó kọ ọ́, ṣé ẹ mọ ilé rẹ̀?

Ẹ máa rín mi. Ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, yóò sá. Kí lẹ́tà yẹn tó dé, ẹnu ènìyàn ló ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Lọ́dún kan ní Àpòmù níbí, ẹnu tèmi ni.

Ó ku bí ọdún mélòó kan kí á gba òmìnira. Kò sí iná mọ̀nàmọ́ná. Bí oòrùn bá wọ̀, fìtílà ló kù, àti òṣùpá bí ó bá ráyè. Mọ́tò sinimá kan máa ń wá láti Ìbàdàn lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, lásìkò ọyẹ́, nígbà tí ètè gbogbo wa ti là tí ẹsẹ̀ wa sì ti funfun bíi ti ẹni tó gbo eérú. Àwọn tó ń bọ̀ láti Wásinmi ló máa ń kọ́kọ́ mú ìròyìn wá pé àwọn rí i lọ́nà. Kí ó tó dé, àwọn ọmọ ilé ìwé á ti fi àdá gé koríko pápá, àwọn ọkùnrin á ti kó bẹ́ǹṣì jáde nínú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á so aṣọ funfun gbàgẹ̀rẹ̀ kan mọ́ igi góòlù méjèèjì. Àwọn ìyá yóò gbé àpótí ìdáná wọn wá látilé. Àwọn ọmọ tí kò ríbi jókòó á lọ sẹ́yìn aṣọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wo gbogbo rẹ̀ lódìlódì, ẹni tó ń fọwọ́ ọ̀tún jẹun á máa fọwọ́ òsì jẹ ẹ́ lójú tiwọn. Wọ́n á wá ta ẹ̀rọ jí. Ohùn rẹ̀ wà létí mi dòní: tú-tú-tú-tú, bí ẹni ń gún èlùbọ́ ní kánjúkánjú, pẹ̀lú òórùn epo bẹntiróò tó ń bá òórùn ewé jíjó inú ọyẹ́ rìn.

Ẹ má rò pé a kàn sáré lọ bá a tẹ̀rín-tẹ̀rín. A fura sí i. Páńsá kò fura, páńsá já sí iná; àjà kò fura, àjà jìn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ wa. Àwọn kan ní ìmọ́lẹ̀ yẹn ń ka ojú ènìyàn ni, kí ìjọba lè mọ iye ẹni tí yóò san owó orí. Ìyá Ràfíátù, aládùúgbò wa, tó jẹ́ Mùsùlùmí paraku, kì í ṣàì wá, ṣùgbọ́n ìborùn ló fi ń bo orí ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ní, "Wàlláhì, ohun tó ń rìn tí kò ní ẹran lára, mi ò ní jẹ́ kó rí ọmọ mi."

Lọ́dún kan, bàbá onírùngbọ̀n funfun kan ni wọ́n gbé wá fún wa. Ó wọ aṣọ pupa, ó gbé àpò kọ́ ẹ̀yìn, ó gun orí òrùlé, ó sì gba ihò èéfín wọlé onílé. Bàbá Àkàndé, ọ̀kan nínú àwọn ọdẹ tó ń ṣọ́ ìlú, dìde lórí àpótí.

Wọ́n ní, "Kí ni bàbá yẹn ń wá?"

Ẹnì kan dá wọn lóhùn pé ẹ̀bùn ló gbé wá fún àwọn ọmọdé.

"Ẹ̀bùn? Nígbà tí gbogbo ilé ti sùn? Kí ló ṣe ilẹ̀kùn? Ẹni tó bá fẹ́ fún ọmọ mi ní nǹkan, kó kan ilẹ̀kùn. Èyí tó bá gba òrùlé mi, ohun tó bá rí, kó fara mọ́ ọn."

Odidi oṣù kan lẹ́yìn náà ni Bàbá Àkàndé fi ń yí ilé wọn po, tí wọ́n ń wo orí páànù kí wọ́n tó wọlé sùn. A fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ní báyìí tí mo ti darúgbó, n kò rí ohun tí bàbá náà ṣì sọ.

Ṣùgbọ́n ọdún tó tẹ̀ lé e ni mo fẹ́ sọ. Lọ́dún náà, ògbufọ̀ tó máa ń bá mọ́tò sinimá rìn kò wá. Hẹ́dímásítà wa sì ti lọ ṣọdún nílùú rẹ̀. Èmi nìkan ni tíṣà tó kù, ọmọdékùnrin tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì kún, tó ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní ní A B D. Ọ̀gá onísinimá bi mí pé, "Tíṣà, ṣé o gbọ́ Òyìnbó dáadáa?"

Mo ní, "Dáadáa, sà."

Irọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn. Òyìnbó inú ìwé ni mo gbọ́. Èyí tí ẹlẹ́ran ara ń fi imú sọ, tó ń ti inú agbóhùnsókè tó ń hó bí omi ẹ̀kọ jáde, n kò gbọ́ ju "yes" àti "no" lọ.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti Adéoyè fún yín. Káfíńtà ni, ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí rẹ̀, Àpòmù ni wọ́n bí i sí. Ènìyàn tútù ni, tó jẹ́ pé bí ó bá fẹ́ bínú, ṣe ni yóò gbé páákó kan tí yóò máa fá a títí yóò fi tín-ín-rín. Ìyàwó rẹ̀ ń jẹ́ Ìbídùn, ọmọ Ìkòyí. Wọ́n ti fẹ́ ara wọn fún ọdún mẹ́ta, kò tíì sí ọmọ. Ọdún náà ò tíì ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí Adéoyè fi lọ bá wọn kan òrùlé ilé ìwé kan ní abúlé lọ́hùn-ún, kọjá Orílé-Òwu. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló wálé, ní oṣù kẹfà, nígbà òkú bàbá rẹ̀. Ó lo ọjọ́ mẹ́sàn-án, ó padà.

Nígbà tó máa fi di oṣù kejìlá, inú Ìbídùn ti tóbi kọjá bó ṣe yẹ. Kì í ṣe pé ó ga díẹ̀ o. Ó ti dé bi pé bí ó bá jókòó, kò lè dá dìde. Gbogbo àwọn ìyá tó ti bímọ rí ní Àpòmù wò ó, wọ́n wo ara wọn. Inú yìí, wọ́n ní, inú oṣù mẹ́sàn-án ni. Oṣù mẹ́sàn-án sẹ́yìn, níbo ni ọkọ rẹ̀ wà? Ní abúlé. Wúyẹ́wúyẹ́ bẹ̀rẹ̀ létí odò, ó dé ọjà, ó dé ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi náà gbọ́ ọ. Kí n má purọ́ fún yín, èmi náà sọ ọ́. Èmi àti àwọn ẹgbẹ́ mi jókòó lábẹ́ igi ọdán, a ń fi ìka ka oṣù, a ń dárúkọ ọkùnrin lóríṣiríṣi. Kò sí ẹnì kankan tí a rí pẹ̀lú rẹ̀ rí. Àìrí yẹn gan-an ló mú kí ìfura wa pọ̀ sí i. A ní ọlọ́gbọ́n obìnrin ni.

Adéoyè dé ní ọjọ́ kẹta sí Kérésì. Kó tó sọ àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ kalẹ̀, ìyá rẹ̀ ti ní gbólóhùn kan láti bá a sọ ní kọ̀rọ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ Kérésì, ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣú, pápá kún fọ́fọ́. Adéoyè àti Ìbídùn jọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan ni, ṣùgbọ́n ẹnì kan ìbá jókòó sáàárín wọn kó sì ráyè na ẹsẹ̀. Ìbí Jésù ni sinimá náà. Èmi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ pẹ̀lú igi gígùn kan lọ́wọ́, mo wọ ṣòkòtò tí mo yá. Ní ìbẹ̀rẹ̀, kò nira. Áńgẹ́lì yọ, mo sọ ohun tí Bíbélì sọ. Màríà kúnlẹ̀, mo sọ ohun tí Bíbélì sọ. Àwọn ènìyàn ń mi orí, wọ́n ń ní, "Tíṣà mà gbọ́ Òyìnbó o!" Ìyẹn wọ̀ mí lórí bí ẹmu òwúrọ̀.

Ìgbà tó yá ni Jósẹ́fù wọlé, ó gbé ayùn lọ́wọ́. Gbogbo èrò pariwo, "Káfíńtà!" Wọ́n bojú wẹ̀yìn wo Adéoyè. Jósẹ́fù wo Màríà. Inú Màríà ti yọ síwájú. Jósẹ́fù nawọ́ síta, ó gbé ọwọ́ lé orí, ó ń sọ̀rọ̀, ó ń sọ̀rọ̀, n kò gbọ́ ẹyọ kan. Èrò ń dúró dè mí. Ọ̀gá onísinimá ń wò mí. Mo sì gbójú sókè, mo rí Ìbídùn.

Mo ní, "Jósẹ́fù ní, 'Mo ti ka oṣù lórí ìka mi, kò pé! Ta ló ni oyún yìí? Wí, kí n gbọ́!'"

Ẹ̀rín bú sórí pápá bí ìgbà tí àpò kòkó já. Àwọn ọkùnrin ń lu ara wọn lẹ́yìn. Àwọn obìnrin kò rẹ́rìn-ín. Gbogbo wọn yí orí sí ibì kan ṣoṣo. Ìbídùn kò sunkún, kò sì bo ojú. Ó kàn gbé ọwọ́ méjèèjì lé inú rẹ̀ bí ẹni ń bo etí ọmọ. Bí ẹni tó ń dúró de ẹ̀rín yẹn ni ẹ̀rọ ṣe ké gbàrà, fíìmù já, aṣọ dúdú kirikiri. Ọ̀gá tún un ṣe títí, kò gbà. Ó ní òun á lọ tún un ṣe ní Ìkirè, torí Ìkirè ló kàn lọ́jọ́ kejì. A túká. Kò sẹ́ni tó rí ohun tí Jósẹ́fù ṣe lẹ́yìn náà.

Ìyá Adéoyè kò nílò láti rí i. Ọ̀rọ̀ ti jáde, aṣọ funfun ti sọ̀rọ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, wọ́n ti kó ẹrù Ìbídùn sí ìta.

Adéoyè wá bá mi láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò jókòó.

"Tíṣà, ọ̀rọ̀ tó o sọ lánàá, ṣé ẹnu ọkùnrin yẹn ló ti jáde?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bọ̀dá. Bó ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe sọ ọ́."

"O lè búra?"

"Mo lè búra."

Ó ní, "Mo fẹ́ mọ ohun tó ṣe nígbà tó bi í tán. Gbé kẹ̀kẹ́ rẹ, ká lọ sí Ìkirè."

N kò fẹ́ lọ. Ta ni mo fẹ́ sọ ìdí fún? Ní ìrọ̀lẹ́, a gun kẹ̀kẹ́ náà, òun níwájú, èmi lẹ́yìn. Ní Ìkirè, àwọn obìnrin ń ta dòdò dúdú nínú ewé lẹ́bàá pápá, àwọn ènìyàn ń jẹ ẹ́, ọwọ́ wọn ń dán. Ògbufọ̀ tibẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ mi. Akọ̀wé kóòtù tó ti fẹ̀yìn tì ni, bàbá kúkúrú kan tí ó fi dígí sójú, tó sì ti fi ogójì ọdún túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún adájọ́.

Jósẹ́fù wọlé pẹ̀lú ayùn. Ó wo Màríà. Ó nawọ́ síta, ó gbé ọwọ́ lé orí.

Bàbá náà ní, "Jósẹ́fù ní, 'Wọ́n ní kí gbogbo wa lọ kọ orúkọ ní ìlú bàbá wa. Ọ̀nà jìn, oòrùn sì mú. Jókòó, ìyàwó mi, jẹ́ kí n bu omi fún ọ. Màá wá kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tí wàá gùn.'"

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Jósẹ́fù bu omi, Màríà mu ún. Ẹnì kan nínú èrò Ìkirè ní "pẹ̀lẹ́ o" bí ẹni pé Màríà lè gbọ́. Adéoyè yí ojú sí mi. Ìmọ́lẹ̀ aṣọ funfun ń tàn lójú rẹ̀, ó ń kú. Ó tún yí ojú padà, ó wò ó dópin.

A ti dé ìdajì ọ̀nà kó tó sọ̀rọ̀. "Tíṣà, èwo ni òótọ́ nínú méjèèjì?"

Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ. Mo ní, "Bọ̀dá, bóyá kì í ṣe fíìmù kan náà. Bóyá bàbá yẹn ò gbọ́ Òyìnbó tó." Mo fura sí ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀, kí n má bàa fura sí ara mi.

Ó dá kẹ̀kẹ́ dúró. Ó sọ̀ kalẹ̀. Ó di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú kó má ṣubú, ó ń dúró. Ìgbà náà ni mo jẹ́wọ́. Mo ní, "N kò gbọ́ nǹkan kan. Èmi ni mo hùmọ̀ rẹ̀. Mo ti gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nílùú, mo rí ìyàwó yín, mo sì sọ ọ́."

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́, kì í ṣe é kó. Mo retí ìgbájú, n kò rí i. Ó kàn fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ fún mi, ó sì fi ẹsẹ̀ rin ìyókù. Ìgbà tó délé, ilé ti ṣófo. Ìbídùn ti bá ọkọ̀ ẹlẹ́rù kan padà sí ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ìkòyí.

Ó tẹ̀ lé e lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ìyàwó rẹ̀ kò jáde. Láti inú yàrá ló ti dá a lóhùn, Adéoyè fúnra rẹ̀ ló sì sọ ọ́ fún mi lẹ́yìn ọdún púpọ̀.

Ó ní, "Ìbídùn, tíṣà ti jẹ́wọ́ fún mi bí a ṣe ń bọ̀ láti Ìkirè. Mo wá bẹ̀ ọ́ ni."

Ìbídùn ní, "Ẹ gbọ́ ti ìyá yín. Ẹ gbọ́ ti aṣọ funfun. Ẹ bi tíṣà, ẹ gun kẹ̀kẹ́ lọ bi ará Ìkirè. Èmi nìkan ni ẹ kò bi."

"Mo ń bi ọ́ báyìí."

"N kò níí dáhùn mọ́. Ẹ padà sílé, kí ẹ máa kà á lọ. Nígbà tí kíkà yín bá parí, ẹ wá."

Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo Àpòmù ṣe ń kà. Bó bá jẹ́ bí a ti wí ni, ọ̀sẹ̀ Kérésì ló yẹ kó bí. Kérésì kọjá. Oṣù kìn-ín-ní parí, kò bí. Àwọn kan ní ó ti bí, ó gbé e pamọ́ ni. Wọ́n rán ènìyàn lọ yọjú ní Ìkòyí, ó bá a níbi tó ti ń ṣa ẹ̀gúsí, pẹ̀lú inú gbẹndu níwájú. Oṣù kejì parí. Àwọn ìyá létí odò kò fi ìka ka nǹkan kan mọ́. Wọ́n kàn ń fọ aṣọ wọn. Adéoyè ń fá páákó láti òwúrọ̀ di alẹ́, èyí tó ń fá dànù ga nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dé orúnkún.

Ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹta, awakọ̀ kan tó ń bọ̀ láti Ìkòyí kò tilẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ó yọ orí síta níwájú ṣọ́ọ̀bù káfíńtà, ó kígbe, "Ó bí o! Ìbejì! Akọ, abo!"

Ṣé ẹ rí i báyìí? Ọmọ méjì ló wà nínú inú tí a rò pé oṣù rẹ̀ ti pọ̀ jù. Kò sẹ́ni tó rò ó nínú gbogbo ọgbọ́n wa. Wọ́n ti kọ́ wa láti kékeré pé ká máa fura. Wọn kò kọ́ wa pé ká máa béèrè.

Ìbídùn padà sílé ọkọ rẹ̀ lẹ́yìn ogójì ọjọ́, ṣùgbọ́n kò bá ìyá ọkọ gbé mọ́. Adéoyè kọ́ yàrá méjì sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n jọ gbé títí ikú fi yà wọ́n. Ó tún bí ọmọ mẹ́rin fún un. Kò lọ wo sinimá mọ́ láyé rẹ̀, èmi náà kò sì túmọ̀ fún ẹnikẹ́ni mọ́.

Ohun kan ló kù tí n kò tíì sọ fún ọmọ mi kankan. Kí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ tó pé, Ìbídùn ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá sí Ìkòyí. Iṣẹ́ tó rán kò gùn: "Iwájú èrò ni ẹ ti sọ ọ́. Iwájú èrò ni kí ẹ ti wá kó o." Mo lọ. Àgbàlá kún, ará Àpòmù ju ará Ìkòyí lọ, nítorí ojú ń ti olúkúlùkù láti má wá. Ìyá Adéoyè jókòó lórí ẹní níbi ògiri, wọn kò gbójú sókè. Nígbà tí àlùfáà ṣe àdúrà tán, kí wọ́n tó mú oyin àti iyọ̀, Ìbídùn na ọwọ́ sí mi. Mo dìde.

Mo ní, "Èmi tíṣà ni. Mo ní Jósẹ́fù ka oṣù. Jósẹ́fù kò ka nǹkan kan. N kò gbọ́ ohun tó sọ. Èmi ni mo kà á, ojú Ìbídùn ni mo sì ń wò nígbà tí mo ń sọ ọ́. Irọ́ ni mo pa mọ́ ọn."

Mo gbọ́ tí ewúrẹ́ kan ń já ewé lẹ́yìn ilé. Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀, Ìbídùn ní rárá, kí n dúró bẹ́ẹ̀. Ó rìn wá, ó rọra ń gbé ẹsẹ̀ nítorí ara rẹ̀ kò tíì yá tán, ó sì gbé Kẹ́hìndé lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Ẹ di ọrùn rẹ̀ mú. Kò tíì le." N kò gbé ọmọ ọwọ́ rí. Ọmọ náà gbóná, ó sì fúyẹ́. Ìbídùn dúró tì mí gbágbá. Kò wo ojú mi. Ọwọ́ mi ló ń wò, kò gbé ojú kúrò níbẹ̀ títí mo fi dá ọmọ rẹ̀ padà fún un.